Ta Ní Ń Ṣí Ilẹ̀kùn Omi ní Kàíńjì?

Ẹ̀kọ́ yìí gùn ju àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Bí ojú bá ń ro yín, ẹ dúró níbi tí ẹ bá ti rí àkọlé, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ṣòro, ẹ pè é sókè. Nígbà mìíràn etí a ti mọ̀ ọ́n kí ojú tó mọ̀ ọ́n.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní kíláàsì àgbà wa ní Ọ̀fàtẹ̀dó, a ń kàwé lọ́wọ́ ni iná bá rẹ̀. Kò kú pátápátá. Ó pọ́n bí ẹ̀yinná, ó dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ó sì tún mọ́lẹ̀. Bàbá kan tí ó jẹ́ àgbẹ̀ sọ pé, "Omi Kàíńjì ló ń tán lọ yẹn." Ìyá kan tí ó ní ẹ̀rọ ìlọta lẹ́bàá ọjà dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin bàbá yìí náà! Bí omi bá tán, ta ló sáré bu òmíràn sí i tí iná fi tún mọ́lẹ̀?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ìyá yìí kọjú sí wa. Ó ní, "Ọ̀gá, a ò mọ̀ ọ́n la fi ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ta ní ń bu omi sí iná?"

Kí a má purọ́ fún yín: iná tí ó rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jọ pé ẹni tí ń jó irin ní àdúgbò ni ó tan ẹ̀rọ rẹ̀, tí wáyà wa kò sì gbà á. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá náà tóbi ju èsì tí a fún un lálẹ́ ọjọ́ náà lọ. Èsì tí ó kù ni a kọ sínú ẹ̀kọ́ yìí.

Iná kì í gbé inú ìkòkò

Nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé dáàmù ni ibi tí ìjọba ń kó iná pamọ́ sí, bí a ti ń pọn omi sínú ìkòkò. Ọmọkùnrin kan dìde lọ́jọ́ kan, ó ní, "Sà, tí gbogbo wa bá paná lẹ́ẹ̀kan náà, ibo ni iná yẹn ń lọ?" A ní kí ó jókòó, kí ó má da kíláàsì rú. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn wá títí di òní, nítorí ọmọ yẹn ni ó mọ ohun tí ó yẹ kí ènìyàn béèrè. Àwa olùkọ́ ni a kò mọ̀.

Omi ni dáàmù ń kó pamọ́, kì í ṣe iná. Iná mànàmáná tí ń gba orí wáyà wá sí ilé wa dà bí ìró ìlù. Bí onílù bá ti gbé ọwọ́ kúrò lára awọ, ìró tán. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìró àná jó lónìí. Ní ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹ tan iná ní Ọ̀fàtẹ̀dó, ní ìṣẹ́jú-àáyá náà gan-an ni ẹ̀rọ kan níbì kan gbọ́dọ̀ ṣe iná tí ẹ ń lò. Bí gbogbo wa bá lo púpọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe púpọ̀. Bí a bá lo díẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe díẹ̀. Gáàsì ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná Nàìjíríà lónìí, ṣùgbọ́n omi náà ń ṣe tirẹ̀, ìtàn ti omi sì ni a fẹ́ sọ.

Odò Ọya ní Kàíńjì

Odò Ọya ni àwọn òyìnbó ń pè ní Niger. Ní òkè Jẹ́bà, ní ibi tí a ń pè ní Kàíńjì, ni wọ́n ti sé odò náà. Ní 1964 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó parí ní 1968, wọ́n sì ṣí i ní 1969. Omi tí ó kó jọ lẹ́yìn dáàmù náà gùn tó kìlómítà 136. Ó bo ìlú Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, níbi tí Mungo Park, òyìnbó tí ó ń tọpa Odò Ọya, kú sí ní 1806. Àwọn ènìyàn tí ó lé ní 40,000 ni wọ́n kó kúrò ní ilé bàbá wọn kí omi tó dé. Àwọn kan lára wọn lọ tẹ Bussa Tuntun dó.

Ẹ̀rọ mẹ́jọ ni ó wà nínú ilé iṣẹ́ náà. Mẹ́rin jẹ́ oní-mẹgawáàtì 80, méjì jẹ́ 100, méjì sì jẹ́ 120. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: gbogbo rẹ̀ jẹ́ 760. Ìwọ̀n agbára tí wọ́n kọ sí ara ẹ̀rọ nìyẹn o. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ni ó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́.

Kí ni mẹgawáàtì? Ẹ jẹ́ kí a fi kẹ́ẹ̀gì wọ̀n ọ́n. Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 25, ẹ tò ó tó 40. Bí a bá da gbogbo rẹ̀ láti orí ohun tí ó ga ní mítà kan, kí ó sì já sórí kẹ̀kẹ́ tí ń ṣe iná láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí a sì tún ń da 40 mìíràn ní ìṣẹ́jú-àáyá kejì, láì dúró, agbára ibẹ̀ yóò tó tan gílóòbù oní-wáàtì 10 tí ó ju 800 lọ. Bí omi bá já láti ibi gíga sí i, tàbí bí ó bá pọ̀ sí i, iná á pọ̀ sí i. Nínú méjèèjì yìí, gíga omi kò ṣeé yí padà ní wàrà. Bí adágún bá ti ga tó lónìí ni ó ga tó. Ìyẹn ni pé ìwọ̀n omi tí a jẹ́ kí ó kọjá nìkan ni a lè fi tẹ̀ lé ìlò iná láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. A ṣe ìṣirò kan: bí omi bá ń já láti mítà 30, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ó jẹ́ oní-mẹgawáàtì 80, bí ó bá ń ṣiṣẹ́ tagbáratagbára, yóò mu nǹkan bíi kẹ́ẹ̀gì 12,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó pe "ọ̀kan" tán, ó ti lọ.

Ìkarahun ìgbín àti fèrèsé lúfà

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé omi náà. Láti inú adágún, ó kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà kan tí ilẹ̀kùn irin ńlá wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn yìí ṣeé fà sókè, ó sì ṣeé sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, omi wọ ihò ńlá tí ó dagun sísàlẹ̀, ó sì bọ́ sínú ohun kan tí wọ́n ṣe bí ìkarahun ìgbín. Ẹ mú ìkarahun ìgbín kí ẹ wò ó: ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń fún bí ó ti ń yí po. Bí omi ti ń yí nínú rẹ̀ ni ó ń wọ àárín láti ìhà gbogbo lọ́gbọọgba. Ní àárín ni kẹ̀kẹ́ omi wà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní tọ́báìnì. Omi tì í, ó yí. Ọ̀pá irin tí ó dúró ṣánṣán so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ tí ó wà lókè rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì ṣe iná. Omi tí ó ti ṣe iṣẹ́ tán gba ìsàlẹ̀ padà sínú odò.

Láàárín ìkarahun yìí àti kẹ̀kẹ́ ni ohun tí a ń wá wà. Wọ́n to ewé irin yí kẹ̀kẹ́ ká, wọ́n dúró bí ọgbà. Ẹ rántí fèrèsé lúfà, èyí tí gíláàsì rẹ̀ tẹ̀ léra: bí a bá tẹ ọwọ́ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gbogbo gíláàsì á là lẹ́ẹ̀kan náà, bí a bá fà á padà, gbogbo wọn á pa dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ewé irin wọ̀nyí rí. Òrùka irin ńlá kan so gbogbo wọn pọ̀. Bí òrùka bá yí díẹ̀, gbogbo ewé á là díẹ̀, omi á sì wọlé díẹ̀. Bí ó bá yí síwájú sí i, omi á pọ̀ sí i. Bí gbogbo wọn bá pa dé, ẹnu ewé kan á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn èkejì, omi kò sì ní rí ibi gbà.

Ní àwọn kẹ̀kẹ́ kan, ewé kẹ̀kẹ́ náà fúnra rẹ̀ tún ń yí ọwọ́ padà, bí ìgbà tí awakọ̀ ojú omi ń yí àjẹ̀ rẹ̀ kí ó lè bá omi mu. Viktor Kaplan, ará Austria, ni ó ṣe irú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1913. Irú rẹ̀ wà ní Kàíńjì, nítorí pé gíga omi ibẹ̀ máa ń yàtọ̀ láti oṣù dé oṣù. Ti Ṣìróró, lórí odò Kàdúná, kò rí bẹ́ẹ̀. Irú ti Francis ni wọ́n lò níbẹ̀: ewé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kì í yí ọwọ́ padà, ewé lúfà nìkan ni ó ń ṣe ìdarí.

Gọ́fánà

Ta ni ó ń yí òrùka náà? Ìyá ẹlẹ́rọ ìlọta ni ọ̀rọ̀ yìí yóò yé jù, nítorí ó ní irú rẹ̀ nílé.

Bí ẹ bá ṣáná sí ẹ̀rọ tí ń lo dísù, tí ẹ kò ì tíì da nǹkan sí i, ìró rẹ̀ máa ń fúyẹ́. Ẹ wá da àgbàdo sí i lẹ́nu. Ìró á wálẹ̀, á wúwo, èéfín á dúdú. Kí ó tó pẹ́, ẹ̀rọ á gbé ara nílẹ̀, á sì padà sí eré rẹ̀. Ta ni ó fi kún dísù? Kì í ṣe ẹ̀yin, nítorí ọwọ́ yín wà nínú abọ́ àgbàdo. Nínú ẹ̀rọ náà ni irin kéékèèké kan wà tí ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Bí eré bá pọ̀, wọ́n á na ara wọn síta, wọ́n á sì dín dísù kù. Bí eré bá dín, wọ́n á súnmọ́ra, ọ̀nà dísù á sì là. Gọ́fánà ni à ń pè é, àwọn mẹkáníìkì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ní Kàíńjì, omi ni dísù. Àwa tí a ń tan iná, tí a ń lọta, tí a ń lọ aṣọ, àwa ni àgbàdo. Bí a bá fi ẹrù kún un, kẹ̀kẹ́ á fẹ́ rọra yí. Gọ́fánà á mọ̀ lójú ẹsẹ̀, á sì ní kí ewé lúfà là. Ṣùgbọ́n kò sí apá ènìyàn tí ó lè yí ewé irin tí odò ń tì. Òróró tí a fún pọ̀ gidigidi ni ó ń ti ọ̀pá irin tí ń yí òrùka náà. Gọ́fánà ni orí, òróró ni apá.

Ibi tí ti Kàíńjì ti yàtọ̀ sí ti ìyá wa nìyí: ẹ̀rọ Kàíńjì kì í dá yí. Gbogbo ẹ̀rọ tí ó wà lórí wáyà ńlá ilẹ̀ yìí, ti omi àti ti gáàsì, ń bá ara wọn tẹsẹ̀ ni, bí àwọn oníjó tí ń tẹ̀ lé ìlù kan ṣoṣo. Ìlù náà ni 50: iná ń lọ, ó ń bọ̀ nínú wáyà nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí àwọn ará Èkó, Ìbàdàn àti Kánò bá dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sì tan iná papọ̀, 50 á fẹ́ wálẹ̀ díẹ̀ fún gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ewé lúfà tí gọ́fánà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ á là sí i, láì jẹ́ pé ẹnìkan pariwo.

Síbẹ̀ gọ́fánà kì í parí iṣẹ́ náà tán. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí gọ́fánà mẹ́wàá bá ń jà pé àfi kí 50 pé pérépéré, wọn á máa fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, bí ọkùnrin méjì tí olúkúlùkù fẹ́ dá gbé àpò kòkó kan náà. Nítorí náà kálukú á gbé ìwọ̀n tirẹ̀, á sì dúró. Ẹnìkan ni yóò wá sọ ẹni tí yóò fi kún tirẹ̀ kí 50 lè pé.

Ẹ̀yin ará Ọ̀fàtẹ̀dó, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí ẹni náà jókòó sí? Òṣogbo níhìn-ín ni! Òṣogbo ni ibùdó tí a ti ń ṣàkóso wáyà ńlá gbogbo Nàìjíríà wà. Tọ̀sán-tòru ni àwọn òṣìṣẹ́ ń jókòó níbẹ̀, tí wọ́n ń wo 50. Bí ó bá ń wálẹ̀, wọ́n á ní kí ilé iṣẹ́ kan fi kún tirẹ̀. Bí ó bá ń gòkè, kí ó dín in kù. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ti lọ tó: láti Òṣogbo, ohùn ènìyàn kan lè mú kí ewé irin là nínú Odò Ọya. Ẹnu ya bàbá àgbẹ̀ nígbà tí a sọ èyí. Ó ní ojoojúmọ́ ni òun ń gba Òṣogbo kọjá.

Bí ẹrù bá já lójijì

Ẹ tún padà sí ẹ̀rọ ìlọta. Bí ẹ bá ń lọ àgbàdo lọ́wọ́, tí bẹ́líìtì já, ẹ̀rọ á sáré bí ẹni tí a lé. Bákan náà ni bí wáyà ńlá bá já: kẹ̀kẹ́ Kàíńjì kò ní ẹrù mọ́, omi sì ń tì í lọ. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó máa sáré bẹ́ẹ̀, ó lè fa ara rẹ̀ ya. Ewé lúfà gbọ́dọ̀ pa dé.

Kí ni kò jẹ́ kí ó pa dé ní ìṣẹ́jú kan bí ojú ti ń ṣẹ́? Ẹni tí ó bá ti pa ẹ̀rọ omi ilé rẹ̀ dé lójijì mọ̀ ọ́n. Páìpù á dún gbì. Omi tí ń sáré kò fẹ́ dúró, ó á gbá ohun tí ó dí i lọ́nà. Bí ó bá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 12,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ó ń bọ̀, gbígbá rẹ̀ lè fọ́ ihò irin. Nítorí náà ewé lúfà kì í yára jù, kì í sì í pẹ́ jù. Ìwọ̀n tí ó wà láàárín méjèèjì yìí ni àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ fi ń ṣe wàhálà.

Bí ewé lúfà bá sì kọ̀ tí kò pa dé ńkọ́? Ilẹ̀kùn ńlá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ni wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni ó fi han gbogbo ayé bí ilẹ̀kùn yìí ti ṣe pàtàkì tó. Lórí odò Yenisei ní Siberia ni dáàmù Sayano-Shushenskaya wà, ẹ̀rọ mẹ́wàá ni ó ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mẹgawáàtì 640. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rọ kejì ti ń gbọ̀n ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe gbogbo bí lúfà ti là ni ó tẹ́ kẹ̀kẹ́ omi lọ́rùn. Ibì kan máa ń wà láàárín tí omi á máa gbò ó jìgìjìgì, ẹ̀rọ yìí sì la ibẹ̀ kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń tẹ̀ lé ìlò iná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, 2009, àwọn bóòtù tí ó de ìdérí rẹ̀ já. Omi gbé ẹ̀rọ náà jáde kúrò nínú ihò rẹ̀, ó sì kún inú ilé iṣẹ́. Ènìyàn 75 kú.

Iná kú nínú ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe iná fún àwọn ẹlòmíràn. Nítorí pé iná kú, ohun tí ó yẹ kí ó ti àwọn ilẹ̀kùn ńlá náà kò ṣiṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ gun orí dáàmù lọ, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sọ ilẹ̀kùn kalẹ̀, omi sì dúró. Ó gbà wọ́n ju wákàtí kan lọ. Nígbà tí a ka èyí ní kíláàsì, ìyá ẹlẹ́rọ ìlọta kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò yẹ kí ó jẹ́ iná ni yóò ti ilẹ̀kùn tí ń ṣọ́ iná." Àwọn tí ń ṣe dáàmù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ṣe é dáadáa, ìwúwo ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀ ni yóò mú un wálẹ̀ bí iná bá kú.

Omi funfun, omi dúdú

Ohun tí a ti ń sọ bọ̀ jẹ́ ti ìṣẹ́jú-àáyá. Ti ọdún náà wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Odò Ọya ń kún ní Kàíńjì lọ́dún. Ti àkọ́kọ́ ni òjò tí ó rọ̀ nítòsí, ó ń dé láti nǹkan bí oṣù kẹjọ. Ẹrẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní omi funfun. Èkejì ti àwọn òkè Gínì wá. Ó gba ilẹ̀ àbàtà ńlá ilẹ̀ Mali kọjá, ó tẹ́ ẹrẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀, nítorí náà ó pẹ́ kí ó tó dé. Inú ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tí ó mọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní omi dúdú! Ẹni tí ó fún wọn lórúkọ ni ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Àwọn tí ó wà ní Kàíńjì gbọ́dọ̀ wọn omi wọ̀nyí kí ó lè dé ìgbà òjò mìíràn. Bí wọ́n bá sì tú omi sílẹ̀, Jẹ́bà tí ó wà nísàlẹ̀, tí wọ́n ṣí dáàmù tirẹ̀ ní 1985, ni yóò tún gbà á, tí yóò sì fi ṣe iná lẹ́ẹ̀kan sí i. Omi kan, iṣẹ́ méjì. Nítorí náà bàbá àgbẹ̀ kò ṣìnà tán: omi adágún lè lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, iná omi á sì dín. Ṣùgbọ́n oṣù ni ó ń gbà, kì í ṣe ìṣẹ́jú.

Bí òjò bá sì pọ̀ jù, adágún á kún, kẹ̀kẹ́ kò sì ní lè mu gbogbo omi. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn mìíràn, ti omi àjùlọ, tí kì í gba ọ̀dọ̀ kẹ̀kẹ́ kọjá. Ní 2012, òjò pọ̀ ní ilẹ̀ yìí àti ní àyíká rẹ̀, wọ́n tú omi sílẹ̀ ní àwọn dáàmù, omi sì bo oko àti ilé lẹ́bàá Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè. Ìjọba ka ènìyàn 363 tí ó kú, àwọn tí ó sá kúrò nílé sì ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ẹni tí ń gbé ìsàlẹ̀ dáàmù, tí ó lè ka ìkìlọ̀ tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ara ògiri, á rí ààyè kó iṣu rẹ̀ kúrò lóko kí omi tó dé.

Àwọn ìbéèrè

1. Kí ni dáàmù ń kó pamọ́, omi ni tàbí iná?

2. Nínú ẹ̀rọ ìlọta àti nínú ẹ̀rọ Kàíńjì, kí ni gọ́fánà ń ṣí, kí ni ó sì ń pa dé?

3. Kí ni ìdí rẹ̀ tí ewé lúfà kò fi gbọdọ̀ pa dé lójijì?

4. Bí kẹ́ẹ̀gì 40 láti mítà kan bá tan gílóòbù 800, mélòó ni kẹ́ẹ̀gì 80 yóò tàn láti mítà méjì? (Ẹ má kánjú dáhùn èyí.)

5. Ẹ lọ dúró lẹ́bàá ẹ̀rọ ìlọta kan ní àdúgbò yín. Ẹ tẹ́tí sí i nígbà tí wọ́n bá ń da ata tàbí àgbàdo sí i, kí ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ohun tí ẹ gbọ́, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.